Ògiri Aláwọ̀ Ewé Ọmọ́níkẹ́ Ògúntádé

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí Ọmọ́níkẹ́ Ògúntádé ṣe ń jà, kó lọ fi ẹ̀yìn ti ògiri rẹ̀. Mi ò bú u o. Gbogbo ẹni tó gbé ẹ̀yìn ọjà Yaba nígbà tí wọ́n ń múra FESTAC ló mọ̀ pé obìnrin náà lawọ́. Oúnjẹ ẹnu rẹ̀, yóò bù ú fún ọ. Ìró ìdí rẹ̀, yóò tú u kó fi pọn ọmọ rẹ. Ṣùgbọ́n ògiri kẹ̀? Ẹ má tilẹ̀ dé ibẹ̀. Ayálégbé tó bá kan ìṣó mọ́ ọn, kó yáa máa wá ilé mìíràn. Àlejò tó bá gbàgbé ara rẹ̀, tó fi ọwọ́ tó fi jẹ ẹ̀bà kàn án, yóò gbọ́ èébú tó kan baba ńlá rẹ̀ nínú sàréè. "Má fọwọ́ kan ògiri!" Àwọn ọmọ ilé náà á ti gbọ́ gbólóhùn yìí kí wọ́n tó mọ orúkọ ara wọn.

Ògiri ọ̀hún ò kúkú ṣàdédé di ààyò. Ògúntádé ọkọ rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn ún. Káfíńtà ni Ògúntádé, ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe létí omi ní Ìdó. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni tọkọtaya náà, ẹ sì mọ bí àwọn ènìyàn wa ṣe ń ṣe tí ilé bá wọ̀ wọ́n lójú. Ọdún gbọọrọ ni wọ́n fi mu gààrí láìsí ṣúgà, tí wọ́n fi kọ́ ilé oníyàrá mẹ́wàá. Nígbà tó ku ọ̀dà, wọ́n ní kí Ògúntádé fi ẹfun kùn ún bíi ti gbogbo ayé, ó ní rárá, òun ò ní kun ohun tí òjò ọdún kan yóò fọ̀ dànù. Ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ọkọ̀ ojú omi ló lọ rà, èyí tó nípọn, tó ń dán, tí iyọ̀ òkun pàápàá ò lè rí gbé ṣe. Àwọ̀ ewé ni. Ó kun inú, ó kun ìta, ó kun fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Ó wá fọwọ́ nu òógùn, ó ní, "Ọmọ́níkẹ́, èmi lè ṣá, ọ̀dà yìí ò ní ṣá láéláé."

Ọkùnrin náà ò parọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló kú, ọ̀dà ò sì ṣá. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ń ṣiṣẹ́ ọba ní Kàdúná, ìgbà Kérésì ló ń yọjú. Kí ló wá kù fún Ọmọ́níkẹ́ nínú ọkọ rẹ̀ bí kò ṣe ògiri? Àárọ̀ Sátidé gbogbo ló ń fi omi ọṣẹ nù ún bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Ìdí tó fi ń jà nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rẹ́rìn-ín.

Nínú yàrá tó kángun sí tirẹ̀, Yẹ̀kínnì ń gbé pẹ̀lú Saidat ìyàwó rẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Yẹ̀kínnì, ó ń la pákó ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Saidat ń ṣiṣẹ́ ní fáktìrì bísíkíìtì kan ní Muṣin. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan, Kùdírátù, tí gbogbo ilé ń pè ní Kùdí. Nígbà tí ìsinmi ọmọ bíbí Saidat parí, tí kò rí ẹni gbé ọmọ tì, ó jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń sunkún. Ọmọ́níkẹ́ bá a níbẹ̀.

"Kí lò ń sunkún sí? Ẹni kú ni?"

"Màmá, ọmọ ni. Mi ò rí ẹni tí màá gbé e fún."

"Ìwọ náà kúkú gọ̀. Gbé e síbí. Ṣé èmi ò tọ́mọ rí ni?"

Bí Kùdí ṣe di ọmọ Ọmọ́níkẹ́ nìyẹn. Telọ ni Ọmọ́níkẹ́, aṣọ ọmọ iléèwé ló ń rán. Abẹ́ fèrèsé ni maṣíìnì rẹ̀ wà, abẹ́ fèrèsé náà ni ó ń tẹ́ ẹní fún Kùdí. Ọmọ náà kọ́ ìrìn níbẹ̀, ó kọ́ ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ wo ló kọ́kọ́ kọ́? Ẹ kúkú ti mọ̀. Kò tíì lè pe "omi" kó já gaara tó fi ń fọwọ́ lé ìbàdí, tó ń sọ fún ewúrẹ́, fún adìyẹ, fún àwọn àgbà tó wá gba aṣọ: "Má fọwọ́ kan ògiri!" Gbogbo ilé a máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ọmọ́níkẹ́ a ní, "Ẹ rí i? Ọlọ́pàá mi nìyẹn."

Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá náà gan-an ni olè. Òjò ti ń gba ojú fèrèsé wọlé láti ìgbà díẹ̀, ọ̀dà ibẹ̀ sì ti wú, ó ń bó wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Kùdí á fi èékánná tín-ínrín yín in, á ṣí i bí ẹni ń ṣí ìpẹ́ ẹja, á kó o sínú agolo mílíìkì tí Ọmọ́níkẹ́ fún un ṣeré, á máa mì ín, ṣẹ̀kẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀. Ọmọ ẹlòmíràn ì bá ti jẹ ìfọ́tí. Àwọn ayálégbé ń fi Ọmọ́níkẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́: "Màmá, ògiri ti wá di ohun tí wọ́n ń fọwọ́ kàn báyìí?" Òun náà a ní, "Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀. Òun ló nilé." Gbogbo ayé ló fi òfin dè, ọmọ kan ṣoṣo ló tú sílẹ̀, nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀ ju ògiri lọ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

Lọ́jọ́ kan ó rí i tí Kùdí fi èépá ọ̀dà náà sẹ́nu, tó ń lá a, tí ojú rẹ̀ ń dán bí ẹni rí ṣúgà. Ọmọ́níkẹ́ pàtẹ́wọ́. "Aràn rèé o! Ẹ wò ó, aràn ti ń rán ọmọ yìí níṣẹ́!" Ṣé ẹ̀yin náà ò mọ̀ pé ọmọ tó bá ń jẹ yẹ̀pẹ̀, tó ń họ èédú jẹ, aràn là ń sọ pé ó ní? Bẹ́ẹ̀ làwọn ìyá wa wí, bẹ́ẹ̀ làwọn ìyá wọn wí. Ó fún ewúro, ó fi tipátipá rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Ó rò pé òun ti ṣe é tán. Ta ló fẹ́ dá a lẹ́bi? Èmi kọ́.

Kò pẹ́ tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í di ikùn mú. Oúnjẹ kú lẹ́nu rẹ̀. Ìgbẹ́ le. Ojú rẹ̀ funfun, ara rẹ̀ rọ. Ọmọ́níkẹ́ tún fún ewúro. Lẹ́yìn náà ni ohun tó bà á lẹ́rù jù lọ ṣẹlẹ̀: ọmọ dákẹ́. Kùdí tí í bá ewúrẹ́ jà, kò bá ẹnikẹ́ni jà mọ́. Ẹ pè é, yóò wo yín bí ẹni ń wo ọ̀nà jíjìn. Saidat ní bóyá eyín ló ń hù. Yẹ̀kínnì ní tirẹ̀ ti ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nídìí ẹ̀rọ omi. Wọ́n ní ọmọ aláyọ̀ tó wọ yàrá opó arúgbó, tó wá ń gbẹ díẹ̀díẹ̀, ṣé ẹni tó gbọ́n nílò kí wọ́n tún ṣàlàyé fún un ni?

Ọ̀sán gangan ni gìrì mú ọmọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì. Ojú yí sókè, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń gbọ̀n. Àwọn ará ilé ya wọlé. "Gìrì ni! Ẹ mú àlùbọ́sà wá! Ẹ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́nu iná!" Ọmọ́níkẹ́ ti rí ọmọ kan tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́nu iná rí ní Ìjẹ̀bú. Ọmọ náà yè, ẹsẹ̀ ni ò yè. Ó gbá gbogbo wọn sẹ́yìn, ó gbé Kùdí, ó já sí títì láìwọ bàtà, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó dúró sí àárín ọ̀nà títí tasí kan fi dúró. Ọsibítù ńlá tó wà ní Ìdí-Àràbà ló gbé e lọ.

Nígbà tí Saidat àti Yẹ̀kínnì dé, gìrì ti rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ò la ojú. Yẹ̀kínnì wo ọmọ, ó wo Ọmọ́níkẹ́. Ó ní, "Màmá, ẹ ṣeun. Ẹ máa lọ sílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi mọ́."

Kò pè é ní nǹkan kan, kò sì sí ohun tí kò pè é. Saidat dojú bolẹ̀. Ọmọ́níkẹ́ yí padà, ó ń lọ. Ó dùn ún wọ inú egungun.

Ó dé ilé, kò lè ránṣọ. Ẹní ọmọ wà níbẹ̀. Agolo mílíìkì wà lórí ẹní. Ó ń rò ó pé bí Kùdí bá la ojú, tí kò bá rí agolo yẹn, yóò sunkún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wé gèlè, ó mú agolo, ó gba Ìdí-Àràbà lọ. Ó ní tí wọ́n bá fẹ́ lé òun, kí wọ́n lé òun, kí wọ́n ṣáà gba agolo.

Yẹ̀kínnì rí i lókèèrè, ó dìde. "Màmá, kí ni mo sọ fún yín lánàá?"

"Mi ò wọlé. Agolo rẹ̀ ni. Gbà á, kí n máa lọ."

Bó ṣe nawọ́ agolo sí i, èépá inú rẹ̀ dún, ṣẹ̀kẹ̀. Lórí bẹ́ẹ̀dì, Kùdí yí orí síbi ìró náà. Díẹ̀ ló yí i, ṣùgbọ́n gbogbo wọn rí i. Dókítà tó wà nídìí bẹ́ẹ̀dì náà rí i. Obìnrin ni dókítà ọ̀hún, Adéfúnmiláyọ̀ lorúkọ rẹ̀. Ibà kọ́, wọ́n ti yẹ ẹ́ wò. Àìsàn ọpọlọ tí wọ́n ń bẹ̀rù kọ́. Ó ti bi Saidat léèrè títí pé kí ni ọmọ yìí ń jẹ, Saidat ò mọ̀ ju ẹ̀kọ àti mílíìkì tó ń fi sílẹ̀ láàárọ̀.

"Màmá, ẹ dúró ná," ni dókítà wí. "Kí ló wà nínú agolo yẹn?"

"Ohun ìṣeré rẹ̀ ni, dókítà. Èépá ọ̀dà ara ògiri ni."

Dókítà dà á sí àtẹ́lẹwọ́. Àwọ̀ ewé, ó nípọn, ó ń dán. Ó ní, "Ṣé ó máa ń fi sẹ́nu?"

Há, ẹ̀yin ènìyàn! Ẹ fi ara yín sípò rẹ̀. Bàbá ọmọ rèé, tó ti gbà lọ́kàn pé arúgbó yìí ló ń pa ọmọ òun. Bó bá ní "rárá", ta ló máa jẹ́rìí lòdì sí i? Òun àti ọmọ nìkan ló wà nínú yàrá, ọmọ ò sì sọ̀rọ̀. Ọmọ́níkẹ́ wo Yẹ̀kínnì, ó wo orí kékeré tó yí síbi agolo.

"Ó máa ń jẹ ẹ́," ló wí. "Ojú mi báyìí ló ti ń jẹ ẹ́, ó ti pẹ́. Mo rò pé aràn ni."

Yẹ̀kínnì ká ọwọ́ lérí. "Ẹ ò gbọ́! Saidat, ṣé o gbọ́ ọ? Lójú rẹ̀!"

"Bàbá Kùdí, ẹ fara balẹ̀," ni dókítà wí. "Ó lè jẹ́ ohun tí Màmá yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ni yóò gba ọmọ yín là."

Wọ́n gbé ọmọ lọ ya fọ́tò ikùn rẹ̀. Nígbà tí fọ́tò jáde, dókítà gbé e sójú iná, ó pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nǹkan funfun wẹ́wẹ́wẹ́ fọ́n ká inú ìfun ọmọ náà bí ìgbà tí gààrí dà sílẹ̀. Ó ní, "Òjé nìyí. Wọ́n ń po òjé mọ́ àwọn ọ̀dà àtijọ́ kan, pàápàá èyí tó nípọn, tó ń dán. Ó ń dùn lẹ́nu ọmọdé. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ, ó sì ń ba ọpọlọ jà."

Ọmọ́níkẹ́ ní, "Òjé? Òjé tí àwọn olórìṣà ń fi sọ́wọ́? Tí àwọn apẹja Makoko ń so mọ́ àwọ̀n kó lè rì?"

"Òun náà ni, Màmá."

"Kì í wá ṣe ọwọ́ ayé?"

"Ọwọ́ ayé kọ́. Ọwọ́ ẹnikẹ́ni kọ́. A ní oògùn rẹ̀."

Ọmọ́níkẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọsibítù, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó ń dúpẹ́, ó ń sunkún, kò sì mọ èyí tó pọ̀ jù. Òun kọ́ ló ń pa ọmọ, Olúwa ṣeun. Ṣùgbọ́n ògiri òun ni, ògiri Ògúntádé. Ká ní ó gbá ọwọ́ ọmọ náà dànù bó ṣe ń gbá ti gbogbo ayé ni, ọmọ ì bá wà nílé, á máa bá ewúrẹ́ jà. Ìkẹ́ ló fi kó bá a. Saidat wá jókòó tì í nílẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Yẹ̀kínnì gba ìta lọ.

Wọ́n fọ ikùn Kùdí, wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ tó ń dunni. Gìrì ò padà wá mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀kọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó. Ọ̀rọ̀ nìkan ni kò jáde. Dókítà ní ó lè padà, ó sì lè pẹ́, kí wọ́n máa ṣe sùúrù. Ó wá kìlọ̀ pé bí ọmọ náà bá padà sáàárín ọ̀dà yẹn, gbogbo iṣẹ́ ọ̀hún, asán ni. Yẹ̀kínnì ti ń wá yàrá kiri láti Surulere dé Ìdí-Òró, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń wú. Ẹ rántí bí Èkó ṣe kún lọ́dún náà. Ẹni tó rí yàrá, bí ẹni rí wúrà ni.

Ọmọ́níkẹ́ bá a lẹ́nu géètì. "Níbo lò ń lọ?"

"Màmá, mò ń wá ilé ni."

"Má kó lọ. Ògiri ló máa kó lọ."

Ọ̀jẹ̀túndé tó ń kun ilé ní Muṣin ló ránṣẹ́ pè. Ọ̀jẹ̀túndé dé, ó gbé àtùpà tó ń fẹ́ iná jáde, pé bí wọ́n ṣe ń bó ọ̀dà líle nìyẹn, kí wọ́n fi iná yọ́ ọ kí wọ́n ha á. Ọmọ́níkẹ́ fò dúró síwájú ògiri. Dókítà ti là á yé e: iná á sọ òjé di èéfín, híha gbígbẹ á sọ ọ́ di eruku, bí ọmọ ò bá jẹ ẹ́, yóò fi imú fà á.

"Pa iná yẹn!"

"Màmá, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni o."

"Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, ọmọ ọwọ́ mi. Pa á, kí n tó da omi lù ọ́!"

Ọ̀jẹ̀túndé pa á. Ó ń ráhùn, ó ní òun ò rí irú rẹ̀ rí, kí wọ́n máa wẹ ilé bí òkú. Gbogbo ọmọ inú ilé náà ni wọ́n kó lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí. Wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ti ẹnikẹ́ni ò le bíi ti Kùdí, ọpẹ́ ni. Wọ́n kó ẹrù síta. Wọ́n fi aṣọ di imú. Wọ́n ń bu omi ọṣẹ sí ògiri, wọ́n ń ha á ní tútù, wọ́n ń nu ilẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbálẹ̀. Èépá gbogbo, inú agolo kẹrosíìnì ni wọ́n kó o sí, wọ́n dí i pa, wọ́n rì í mọ́lẹ̀ jìnnà, níbi tí kò sí kànga. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nídìí ẹ̀rọ omi níjelòó ló ń pọn omi náà. Ojú tì wọ́n, wọ́n sì ń pọn ọ́n dáadáa.

Ojú fèrèsé nìkan ni Ọmọ́níkẹ́ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Òun fúnra rẹ̀ ló mú irin. Ibẹ̀ ni ipa búrọ́ọ̀ṣì Ògúntádé ti hàn jù, ó nípọn, ó yí bírí bí ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń yí ọwọ́. Ó bomi sí i, ó ha á. "Bàbá ilé, o ṣe é dáadáa," ló ń wí. "Ìwọ náà ò mọ̀. Ká ní o wà níbí ni, ìwọ lò bá kọ́kọ́ mú irin." Ó ha á títí ó fi kan bíríkì.

Ẹfun ni wọ́n fi kùn ún padà. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹfun tí Ògúntádé ní òun ò ní kùn láyé òun. Ọmọ́níkẹ́ ní tí òjò bá fọ̀ ọ́, kó fọ̀ ọ́, àwọn á tún kùn ún.

Ọjọ́ tí Kùdí máa dé, Ọ̀jẹ̀túndé ṣì ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun ìkangun ògiri àgbàlá. Saidat gbé ọmọ wọlé, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Kùdí dúró ní ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń wo ògiri funfun bí ẹni tó ṣì ilé. Gbogbo ayálégbé ń dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Yẹ̀kínnì wá síwájú Ọmọ́níkẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Màmá, ẹ forí jì mí. Ohun tí mo rò, kò dáa."

"Dìde, dìde. Mo ti gbàgbé. Ẹfun ń kùn ọ́ láyà."

Kò tíì gbàgbé, irọ́ ló pa. Ṣùgbọ́n bí ó ti sọ ọ́ báyìí, ó rí i pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé, ara rẹ̀ sì rọ̀ wọ̀ọ̀. Gbogbo agara ọjọ́ wọ̀nyẹn rọ́ lù ú lẹ́ẹ̀kan náà, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fara ti ohun tó bá níbẹ̀.

Kùdí fọwọ́ lé ìbàdí. Ó na ìka.

"Màmá! Má fọwọ́ kan ògiri!"

Ariwo tó sọ! Saidat, tí kì í gbà kí ọmọ rẹ̀ sọ "má" sí àgbà, kò rántí bá a wí. Ó ti kúnlẹ̀, ó ń ké "Alihamudulilai" láìdánu dúró. Ọ̀jẹ̀túndé ju búrọ́ọ̀ṣì nù. Ọmọ́níkẹ́ yọ ọwọ́ kúrò lára ògiri, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì funfun, ẹ̀yìn bùbá rẹ̀ funfun, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹkún ń bọ́.

"Mo ti gbọ́, ìyá mi," ló ń wí. "Mi ò fọwọ́ kàn án mọ́. Tún un wí, jọ̀ọ́. Tún un wí."